Páìpù tí Ó Ń Tẹ̀ tí Kì í Bẹ́

Ọ̀rọ̀ fún àwọn tí ń péjọ ní ilé ìkàwé ìlú àti abúlé

Ọ̀rọ̀ òní dá lórí ohun kan tí ojú gbogbo ènìyàn ti mọ̀, ṣùgbọ́n tí ìwọ̀nba ènìyàn ni ó mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ohun náà ni páìpù tí ó rọ̀, èyí tí àwọn kan ń pè ní họ́ọ̀sì, tí àwọn mìíràn sì ń pè ní rọ́bà omi. Àgbẹ̀ tí ó gbé ẹ̀rọ kọ́ ẹ̀yìn láti fín oògùn sí kòkó ń lò ó. Awakọ̀ katakata ń lò ó. Ẹni tí ń ta bẹntiróòlù fi ń rọ epo sínú ọkọ̀, àwọn panápaná sì fi ń bá iná jà. Ìyá tí ń fi gáàsì dáná ní ọ̀kan lẹ́yìn ààrò rẹ̀. Nígbà tí ó bá wà ní pípé, kò sí ẹni tí ń rántí rẹ̀. Ọjọ́ tí ó bá bẹ́ ni àwọn ènìyàn tó mọ̀ pé ẹ̀mí rọ̀ mọ́ ọn.

Irin lágbára, ṣùgbọ́n irin kò fẹ́ títẹ̀. Rọ́bà fẹ́ títẹ̀, ṣùgbọ́n rọ́bà kò lágbára. Bí a bá fi irin nìkan ṣe páìpù tí ó lọ sí apá katakata tí ń gòkè tí ń sọ̀ kalẹ̀, kò ní pẹ́ tí yóò fi dá. Bí a bá sì fi rọ́bà nìkan ṣe é, yóò wú bí ikùn ọ̀pọ̀lọ́ nígbà tí epo bá tì í, lẹ́yìn náà yóò bẹ́. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ní láti wá ọ̀nà tí àwọn méjèèjì yóò fi di ọ̀kan, kí irin máa gbé ẹrù, kí rọ́bà sì máa di omi mú. Bí wọ́n ti ṣe é, àti àwọn àṣìṣe tí ó kọ́ wọn lọ́gbọ́n, ni ọ̀rọ̀ yìí yóò sọ.

OHUN TÍ OMI Ń ṢE NÍNÚ PÁÌPÙ

Bí a bá sé omi mọ́ inú ohun èlò kan, tí a sì fi ẹ̀rọ tì í, agbára ìtì náà yóò dé ibi gbogbo lọ́gbọọgba. Kò ní ti iwájú ju ẹ̀yìn lọ, kò sì ní ti ọ̀tún ju òsì lọ. Blaise Pascal, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ni ó ṣe àlàyé òfin yìí ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàdínlógún. Òfin kan náà ni ó wà fún epo, fún gáàsì, àti fún oògùn tí àgbẹ̀ ń fín.

Nínú páìpù, agbára yìí ní ohun méjì tí ó fẹ́ ṣe. Èkíní, ó fẹ́ fẹ páìpù náà títí yóò fi là. Èkejì, ó fẹ́ fà á gùn títí ẹnu rẹ̀ yóò fi yọ kúrò lára irin tí a so ó mọ́. Ìṣirò kan yóò fi bí ọ̀rọ̀ náà ti rí hàn. Ẹ mú páìpù kan tí inú rẹ̀ fẹ̀ ní íǹṣì 1, kí epo inú rẹ̀ sì máa tì pẹ̀lú agbára pọ́ùn 1,000 lórí íǹṣì onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan. Èyí kì í ṣe agbára ńlá. Epo tí ń gbé ohun èlò ẹ̀yìn katakata sókè a máa ju ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ. Síbẹ̀, agbára tí yóò máa fa ẹnu páìpù kékeré yìí kúrò tó pọ́ùn 785, èyí tí ó ju ìwúwo àpò sìmẹ́ǹtì méje lọ. Bí a bá pín ẹrù náà yí etí páìpù ká, íǹṣì kọ̀ọ̀kan etí rẹ̀ yóò gbé pọ́ùn 250.

Ní ti fífẹ̀, ọ̀rọ̀ náà le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Íǹṣì kọ̀ọ̀kan nínú gígùn páìpù náà yóò gbé pọ́ùn 500 ní ẹ̀gbẹ́ kan, yóò sì gbé 500 mìíràn ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Bí a bá fi 250 wé 500, a ó rí i pé agbára tí ó fẹ́ la páìpù jẹ́ ìlọ́po méjì agbára tí ó fẹ́ fà á já. Bí páìpù ti wù kí ó tóbi tó, tàbí kí ó kéré tó, ìlọ́po méjì yìí kì í yí padà. Ìdí nìyí tí páìpù tí agbára inú rẹ̀ borí rẹ̀ fi sábà máa ń là ní gígùn bí èèpo ẹ̀wà tí ó gbẹ, tí kì í já sí méjì bí okùn. Ẹni tí ó bá fẹ́ fún páìpù ní okun ní láti fi ìdí èyí sọ́kàn, nítorí lórí rẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ náà dúró.

LÁTI ORÍ AWỌ DÉ ORÍ RỌ́BÀ

Àwọn ará Amsterdam ní ilẹ̀ Họ́láǹdì wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ jẹ àǹfààní páìpù tí ó rọ̀. Nígbà náà, bí ilé bá ń jó, garawa ni àwọn ènìyàn fi ń gbé omi láti ọwọ́ dé ọwọ́. Omi kì í dé ibi tí iná ti ń jó gan-an, ilé kan a sì máa ran ilé kejì. Jan van der Heyden, ẹni tí ó jẹ́ ayàwòrán tí ó sì tún jẹ́ onímọ̀ ẹ̀rọ, pẹ̀lú arákùnrin rẹ̀, ṣe páìpù awọ ní nǹkan bí ọdún 1673. Wọ́n rán etí awọ pọ̀ ní gígùn, wọ́n sì so ó mọ́ ẹ̀rọ tí ń ti omi. Láti ìgbà náà ni panápaná ti lè gbé omi wọ inú ilé, kí ó gòkè àtẹ̀gùn, kí ó sì dojú kọ iná níbi tí ó wà.

Ṣùgbọ́n ojú ìránṣọ ni àìlera páìpù náà. Ibi tí abẹ́rẹ́ gbà kọjá ni omi gbà jáde, bí a bá sì mú agbára ẹ̀rọ pọ̀ sí i, òwú a já, awọ a sì là ní gígùn, gẹ́gẹ́ bí ìṣirò òkè yìí ti fi hàn. Ní nǹkan bí ọdún 1808, ní ìlú Philadelphia ní Amẹ́ríkà, James Sellers àti Abraham Pennock fi ìṣó bàbà kan etí awọ pọ̀ dípò òwú. Páìpù wọn gba agbára púpọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ṣùgbọ́n ó wúwo, ó sì ń fẹ́ kí a máa fi ọ̀rá pa á nígbà gbogbo kí awọ má baà gan.

Rọ́bà ni ó yí iṣẹ́ náà padà. Rọ́bà bí ó ti ń ti ara igi wá kò wúlò púpọ̀ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí a máa rọ̀ a sì máa lẹ̀ nínú ooru, a sì máa gan nínú òtútù. Ní ọdún 1839, Charles Goodyear, ọmọ Amẹ́ríkà, rí i pé bí a bá po rọ́bà mọ́ imí ọjọ́ tí a sì fi iná sí i, yóò le, kò ní yọ́, síbẹ̀ yóò máa fà, yóò sì máa padà sí ipò rẹ̀. Nígbà tí ó di ọdún 1870, ilé iṣẹ́ Goodrich bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Akron ní ìpínlẹ̀ Ohio, páìpù panápaná tí a fi òwú wọ̀ láṣọ sì wà lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe. Rọ́bà di omi mú, òwú sì gbé ẹrù. Láti ìgbà náà títí di òní, ọgbọ́n yìí kò tí ì yí padà. Ohun tí a fi ń ṣe é ni ó ń yí padà.

ÌFUN, IṢAN ÀTI AWỌ

Páìpù tí ó rọ̀ tí ó sì lágbára dà bí ara ènìyàn. Ó ní ìfun, ó ní iṣan, ó sì ní awọ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ tirẹ̀, kò sì sí èyí tí ó lè ṣe ti èkejì.

Ìfun ni rọ́bà inú tí ohun tí ń ṣàn ń kàn. Kò ṣe pàtàkì kí ó lágbára, ṣùgbọ́n dandan ni kí ó bá ohun tí ó wà nínú rẹ̀ rẹ́. Rọ́bà tí ó ti ara igi wá, irú èyí tí àwọn àgbẹ̀ ń dá ní agbègbè Benin àti Sapele, bá omi rẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n bẹntiróòlù àti epo ẹ̀rọ ń mú un wú, ń mú un rọ̀, ń sì bà á jẹ́. Nítorí náà ni àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Amẹ́ríkà àti ní Jámánì ṣe wá àwọn rọ́bà àtọwọ́dá tí epo kò lè jẹ ní àwọn ọdún 1930. Ẹni tí ó bá fi páìpù omi fa epo, nítorí pé wọ́n jọ dúdú, kò yàtọ̀ sí ẹni tí ó fi igbá gbé iná.

Iṣan ni ìpele àárín. Òwú ni a fi ń ṣe é látijọ́. Lónìí, bí agbára ìtì kò bá pọ̀, fọ́nrán àtọwọ́dá ni a ń lò, bí ó bá sì pọ̀, wáyà irin líle tín-ínrín ni. Ọ̀nà méjì ni a ń gbà tò ó. Ọ̀nà kìíní ni dídì, níbi tí wáyà tí ó lọ sí ọ̀tún ti ń gun wáyà tí ó lọ sí òsì, tí ó sì tún ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, bí ọwọ́ onídìrí ti ń gbé irun lé irun. Ọ̀nà kejì ni wíwé, níbi tí ìpele kan ti wé lọ sí ọ̀tún bí ejò ti ń lọ́ mọ́ igi, tí ìpele tí ó lé e sì wé lọ sí òsì. Páìpù dídì rọrùn láti tẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn wáyà rẹ̀ ń ha ara wọn níbi tí wọ́n ti pàdé. Nítorí náà, níbi tí agbára ìtì ti pọ̀ jọjọ, tí ó sì ń lù bí ọkàn nígbà gbogbo, páìpù wíwé ni a ń lò, pẹ̀lú ìpele mẹ́rin tàbí mẹ́fà. Iye ìpele náà a máa jẹ́ èyí tí ó pín sí méjì geere, kí ti ọ̀tún àti ti òsì lè dọ́gba. Bí ọ̀kan bá borí èkejì, páìpù náà yóò máa yí ara rẹ̀ bí ẹni tí ń fún aṣọ.

Awọ ni rọ́bà òde. Kò gbé ẹrù kankan, ṣùgbọ́n òun ni ó ń gba oòrùn, òjò, òkúta àti ìfararọ́ dípò wáyà. Bí ó bá ya, tí omi sì wọlé, wáyà yóò dípẹtà ní ìkọ̀kọ̀, ẹni tí ń lò ó yóò sì rò pé páìpù òun ṣì lágbára.

Ọ̀RỌ̀ ÌDÀGẸ̀RẸ̀ WÁYÀ

Ìbéèrè tí ó ṣòro jù fún ẹni tí ń ṣe ètò páìpù ni èyí: báwo ni kí wáyà náà ti dagun tó? Bí a bá tò ó lọ gbọọrọ ní gígùn páìpù, yóò ṣe é kí a má fa páìpù náà já, ṣùgbọ́n kò ní dá a dúró kí ó má là. Bí a bá sì wé e roboto bí òrùka àgbá, kò ní là, ṣùgbọ́n yóò fà gùn. Níwọ̀n bí agbára tí ń la páìpù ti jẹ́ ìlọ́po méjì èyí tí ń fà á, ibì kan gbọ́dọ̀ wà láàrin méjèèjì tí wáyà kan ṣoṣo yóò ti gbé ẹrù méjèèjì ní ìwọ̀n tí ó yẹ. Ìṣirò fi hàn pé ibẹ̀ ni ìwọ̀n igun dígírì 54.7, bí a bá wọ̀n ọ́n láti ojú ìlà gígùn páìpù náà.

Bí a bá wé wáyà ní ìwọ̀n yìí, páìpù kò ní gùn, kò sì ní kúrú nígbà tí epo bá tì í. Bí wáyà bá lọ gbọọrọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, páìpù yóò wú, yóò sì kúrú, títí wáyà yóò fi dé ìwọ̀n náà fúnra rẹ̀. Bí ó bá roboto jù bẹ́ẹ̀ lọ, páìpù yóò gùn, yóò sì tín-ínrín. Páìpù tí ó ń kúrú lójijì lè fa ara rẹ̀ yọ kúrò ní ẹnu ìsopọ̀. Èyí tí ó ń gùn lè yọ gọngọ jáde kí ó sì máa ha ara irin tí ó wà nítòsí rẹ̀.

Àwọn ènìyàn kan ti ń lo ọgbọ́n yìí kí onímọ̀ ẹ̀rọ tó ṣe ìṣirò rẹ̀. Ní ẹkùn odò Amazon ní Brazil, àwọn onílẹ̀ àtijọ́ máa ń fi ọ̀pá ewéko hun àpò gígùn kan tí wọ́n ń pè ní tipiti. Wọn a rọ ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti rin sínú rẹ̀, wọn a so ó kọ́, wọn a sì fà á nísàlẹ̀. Bí ó ti ń gùn ni ó ń tín-ínrín, bí ó sì ti ń tín-ínrín ni ó ń fún omi olóró inú ẹ̀gẹ́ jáde. Ẹni tí ó bá ti rí bí a ti ń fi òkúta tẹ gàrí nínú àpò yóò mọ iṣẹ́ tí tipiti ń ṣe. Nínú tipiti, ènìyàn ń fa àpò kí ó lè ti omi. Nínú páìpù, omi ni ó ń tì, tí ó sì fẹ́ yí ìrísí àpò padà.

PÁÌPÙ TÍ A TẸ́ SÍ ABẸ́ ÒKUN

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì ni a dán ọgbọ́n yìí wò ju ti ìgbàkigbà rí lọ. Ní ọdún 1942, àwọn olórí ogun ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń gbèrò bí àwọn ọmọ ogun yóò ti gúnlẹ̀ sí Faransé. Ọkọ̀ ogun kò lè rìn láìsí epo, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ ojú omi tí ó bá kó epo sì jẹ́ ohun tí ọ̀tá fẹ́ràn láti jó. Arthur Hartley, tí ó jẹ́ olórí onímọ̀ ẹ̀rọ ní ilé iṣẹ́ epo Anglo-Iranian, dá àbá kan. Ó ní a ti ń tẹ́ wáyà tẹligíráàfù àti ti iná mànàmáná sí abẹ́ òkun tipẹ́, ọkọ̀ a sì máa kó o ní kíká bí okùn. Bí a bá yọ ohun tí ó wà láàrin rẹ̀ kúrò, kí ó di ihò, ṣé epo kò lè gba inú rẹ̀ kọjá? Ilé iṣẹ́ Siemens Brothers ní Woolwich, lẹ́bàá London, bá a ṣe é. Wọ́n pè é ní HAIS, láti inú orúkọ Hartley, ti ilé iṣẹ́ epo náà, àti ti Siemens. Gbogbo iṣẹ́ náà ni a mọ̀ sí PLUTO.

Òjé ni ìfun páìpù náà, nítorí òjé rọ̀, kò sì ń jò. Wọ́n fi bébà àti aṣọ òwú tí a rì sínú ọ̀dà wé òjé náà. Lórí èyí ni wọ́n wé ọ̀já irin pẹlẹbẹ tí yóò gba agbára ìtì. Lẹ́yìn náà ni fọ́nrán jútù, tí í ṣe irú èyí tí a fi ń hun àpò kòkó, lẹ́yìn rẹ̀ sì ni ọ̀wọ́ wáyà irin tí yóò gba fífà nígbà tí ọkọ̀ bá ń sọ ọ́ sínú òkun. Jútù mìíràn tí a fi ọ̀dà pa ni ó bò ó lókè.

Ní Oṣù Karùn-ún ọdún 1942, wọ́n tẹ́ ègé kan sí odò Medway láti dán an wò. Páìpù náà kùnà. Kì í ṣe pé irin já, kì í sì í ṣe pé omi òkun wọlé. Ìpele méjì péré ni ọ̀já irin náà, àlàfo díẹ̀ sì wà láàrin ẹsẹ̀ ọ̀já kan àti èkejì. Agbára ìtì ti òjé rírọ̀ gba àlàfo náà jáde, bí ògì ti ń gba ojú ajọ̀ kọjá. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ kò jiyàn pẹ̀lú ohun tí wọ́n rí. Wọ́n sọ ọ̀já náà di ìpele mẹ́rin, kí ọ̀kan lè máa bo àlàfo èkejì. Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú rẹ̀ ni pé ìpele kan kì í lágbára ju ibi tí ìpele tí ó tẹ̀lé e ti fi í sílẹ̀ ní ìhòòhò lọ.

Ní ìparí ọdún 1942, ọkọ̀ HMS Holdfast tẹ́ páìpù tí inú rẹ̀ fẹ̀ ní íǹṣì 2 láti Swansea dé Ilfracombe, ìrìn bíi 30 máìlì lábẹ́ òkun. Epo sì gbà á kọjá. Nígbà náà ni wọ́n pinnu láti lo íǹṣì 3 fún iṣẹ́ gan-an. Ẹni tí ó bá rò pé íǹṣì kan péré ni ó fi lé kò ṣírò dáadáa, nítorí ojú ihò íǹṣì 3 ju ìlọ́po méjì ojú ihò íǹṣì 2 lọ. Bí wọ́n ti ń tẹ́ ẹ ni wọ́n ń jẹ́ kí omi kún inú rẹ̀ pẹ̀lú agbára ìtì, kí ìwúwo òkun má baà tẹ òjé náà pẹlẹbẹ.

Iṣẹ́ ojú òkun kò rọrùn bí ti inú ilé iṣẹ́. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun ti gúnlẹ̀ tán, tí a tẹ́ páìpù àkọ́kọ́ láti erékùṣù Wight lọ sí Cherbourg ní Oṣù Kẹjọ ọdún 1944, ìdákọ̀ró ọkọ̀ ogun kan kọ́ ọ, ó sì bà á jẹ́. Ní Oṣù Kẹsàn-án ni epo tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Kẹwàá, nígbà tí wọ́n mú agbára ìtì pọ̀ sí i kí epo lè pọ̀, àwọn páìpù ọ̀nà náà kùnà, wọ́n sì kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n yí ojú sí ibi tí òkun ti tóóró, láti Dungeness lọ sí Boulogne. Páìpù 17 ni wọ́n tẹ́ síbẹ̀, 11 nínú wọn jẹ́ HAIS, 6 ìyókù sì jẹ́ páìpù irin tí wọ́n ká mọ́ àgbá ńlá kan tí ń léfòó lórí omi. Lóòótọ́, ọ̀nà mìíràn ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ epo ogun náà gbà. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ti fi hàn pé páìpù tí a lè ká bí okùn lè ti epo láti etí òkun kan dé èkejì.

NÍSÀLẸ̀ OMI JÍJÌN

Lẹ́yìn ogun náà, àwọn tí ń wa epo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sínú òkun tí ó jìn. Ọkọ̀ tí ń gba epo kì í dúró sójú kan. Ìgbì ń gbé e lọ, ń gbé e bọ̀. Páìpù irin lásán níbẹ̀ yóò dá bí igi gbígbẹ. Ní ọdún 1971 ni a dá ilé iṣẹ́ Coflexip sílẹ̀ ní Faransé láti ṣe páìpù tí ó rọ̀ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà, ilẹ̀ Brazil di ọ̀kan lára àwọn tí ń lo irú páìpù yìí jù lọ ní àgbáyé.

Ní ibú òkun, agbára ti inú ń tì síta, ti òde sì ń tì wọlé. Bí ènìyàn bá wà ní nǹkan bí mítà 1,000 nísàlẹ̀, òkun yóò máa tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú agbára tí ó tó ìlọ́po 100 ti afẹ́fẹ́ orí ilẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe fi egungun irin sí inú páìpù náà pátápátá, tí wọ́n ṣẹ́ pọ̀, kí òkun má baà tẹ̀ ẹ́ pa. Ike tí ń di epo mú wà lórí egungun náà. Irin tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ roboto bí òrùka, tí ó kọ́ ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀, wà lórí ike láti gba fífẹ̀. Ìpele wáyà méjì, ọ̀kan sí ọ̀tún, èkejì sí òsì, wà lórí rẹ̀ láti gba fífà, ike mìíràn sì bò wọ́n. Wọn kò lẹ àwọn ìpele náà pọ̀. Ọ̀kan lè yọ́ lórí èkejì, ìyẹn ni ó sì jẹ́ kí páìpù wúwo bẹ́ẹ̀ lè tẹ̀ nígbà tí ìgbì bá dé.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ OLÚKÚLÙKÙ ṢE

Ẹni tí ó ṣe páìpù ti ṣe ipa tirẹ̀. Ó ku ipa ẹni tí ń lò ó. Páìpù epo ẹ̀rọ tí ó dára ni a ń ṣe kí ó lè gba ìlọ́po mẹ́rin agbára tí a kọ sí ara rẹ̀ kí ó tó bẹ́. Kì í ṣe èrè tí a fi sílẹ̀ fún ẹni tí ó fẹ́ dán an wò ni èyí. Ìfipamọ́ ni, nítorí agbára tí ń lù lójijì, oòrùn, ogbó àti àṣìṣe. Ẹni tí ó bá ná an tán lónìí kò ní nǹkan kan lọ́wọ́ nígbà tí ewu bá dé.

Kí a má ṣe so páìpù gbọọrọ bí okùn aṣọ. Kí a fi àyè díẹ̀ sílẹ̀, nítorí ó lè kúrú díẹ̀ nígbà tí agbára bá wọ inú rẹ̀. Kí a má ṣe lọ́ ọ, kí a má sì ṣe tẹ̀ ẹ́ ju bí olùṣe rẹ̀ ti sọ lọ. Páìpù tí ó wú níbì kan, tí ara rẹ̀ sán, tàbí tí wáyà rẹ̀ ti hàn síta, ti parí iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn kan a máa fi ègé rọ́bà táyà so ibi tí ó ń jò. Ìdè bẹ́ẹ̀ kò fún iṣan tí ó já ní okun. Ńṣe ni ó bo ọgbẹ́ mọ́lẹ̀.

Ẹni tí ń tún katakata ṣe gbọ́dọ̀ ṣọ́ra gidigidi. Bí ihò tín-ínrín bá wà lára páìpù, epo tí ń tú jáde níbẹ̀ lè gún awọ ara wọlé bí abẹ́rẹ́ dókítà. Ojú ọgbẹ́ náà kì í tóbi, ó sì lè má dun ènìyàn púpọ̀ ní wákàtí àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n epo náà yóò máa pa ẹran ara nínú, ẹni náà sì lè pàdánù ìka tàbí ọwọ́ rẹ̀. Nítorí náà, kí a má ṣe fi ọwọ́ wá ibi tí ó ń jò láéláé. Kí a pa ẹ̀rọ, kí a tú agbára inú rẹ̀ sílẹ̀, kí a fi pátákó tàbí páálí wá a. Bí epo bá sì ti gún ènìyàn, ilé ìwòsàn ni kí ó lọ lójú ẹsẹ̀, kí ó sì sọ fún dókítà pé epo ni.

Àgbẹ̀ tí ó fẹ́ fín kòkó, kí ó kọ́kọ́ fi omi lásán sínú ẹ̀rọ rẹ̀, kí ó ti í, kí ó sì wo páìpù láti orí dé ìdí. Ó sàn kí omi tú sí ènìyàn lójú ju kí oògùn tú sí i lọ. Ẹni tí ń lo gáàsì, kí ó fi omi ọṣẹ pa ara páìpù àti ẹnu ìsopọ̀. Bí ó bá hó, ó ń jò. Kí ó má ṣe fi iná ìṣáná wò ó. Ẹni tí ń ta bẹntiróòlù, kí ó mọ̀ pé epo tí ń ṣàn lè kó iná mànàmáná jọ, àti pé páìpù tirẹ̀ ní ohun nínú tí ń gbé iná náà lọ sí ilẹ̀. Kò sí rọ́bà omi tí ó lè rọ́pò rẹ̀.

Ọgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn, láti ọwọ́ ẹni tí ó rán awọ ní Amsterdam títí dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó fi ìpele mẹ́rin bo òjé, ni ó wà nínú páìpù tí a ń fà lórí ilẹ̀ láìbìkítà. Ojú kò rí iṣan tí ó gbé ẹrù náà. Ẹni tí ó bá mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ yóò yẹ̀ ẹ́ wò kí ó tó ṣí ẹ̀rọ. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni yóò ná an, ṣùgbọ́n ó lè pa ojú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀, tàbí ilé rẹ̀ mọ́.